Exotic dance: obìnrin ló ń jó, ta ló ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà?

Oṣù kẹta ọdún 2022 làwọn oníjó kan ní North Hollywood, ní Los Angeles, kọ̀wé sí ọ̀gá wọn. Star Garden ni kílọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ń jẹ́, ijó ìhòòhò, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní exotic dance, sì niṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ò le rárá o, wọ́n ní àwọn oníbàárà ń yọ fóònù, wọ́n ń ká fídíò àwọn láìgbàṣẹ, àwọn míì ń nawọ́ gán àwọn, ẹ̀ṣọ́ kílọ́ọ̀bù ń wò ó níran, ẹni tó bá sì lanu sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e. Wọ́n fún ọ̀gá níwèé tán, ìgbà tí wọ́n máa padà síbi iṣẹ́, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn lójú. Bí wọ́n ṣe kó síta nìyẹn, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́, wọ́n ń yan kiri iwájú ilé lálẹ́, ọjọ́ míì wọ́n á múra bí ẹni ń lọ sóde eré, oníbàárà tó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó yà síbòmíì. Ó lé lọ́dún kan kọ́rọ̀ náà tó yanjú. Oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n ka ìbò tí wọ́n dì láti wọ yúníọ̀n, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, 17 sí òdo, wọ́n sì wọ Actors' Equity, yúníọ̀n tàwọn òṣèré orí ìtàgé ti dá sílẹ̀ láti 1913.

Yúníọ̀n tí wọ́n wọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ nǹkan yìí. Àwọn tó ń ṣeré ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìṣeré ńlá ní New York, ló wà níbẹ̀, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní olórin, oníjó, òṣèré, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fojú kéré wọn. Nígbà táwọn oníjó ìhòòhò wọlé síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orí ìtàgé kan náà la jọ wà, ẹ kà wá mọ́ yín.

Àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ gan-an. Àwọn kan á ní obìnrin tó bọ́ṣọ lórí ìtàgé ti gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀, àwọn kan á ní ó ti ta ara ẹ̀ lọ́pọ̀, wọ́n á sì máa lọ́ ọ lọ báyìí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Témi ni pé aṣọ kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá tọpa ìtàn ijó yìí dáadáa, ẹ máa rí i pé ẹnu ọ̀nà ni agbára wà, lọ́wọ́ ẹni tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ẹni tó máa wọlé, tó sì ń pín owó nígbà tílẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ á ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Exotic, ohun tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ló túmọ̀ sí, ohun àjèjì táwọn èèyàn ń sáré lọ wò. Ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago lọ́dún 1893 ló sọ irú ijó yìí di ọ̀rọ̀ ẹnu ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́ òpópónà kan síbẹ̀ bíi ti Cairo, àwọn obìnrin láti ilẹ̀ Lárúbáwá wá jó ijó ìkùn àti ìbàdí, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nílùú ni gbogbo ayé ń ya lọ. Anthony Comstock, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ gbógun ti ohun tó bá kà sí ìṣekúṣe, dé láti New York, ó ní kí wọ́n tì í pa. Ariwo tó pa yẹn ló tún bá wọn polówó ọjà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn oníjó yẹn wọṣọ dé kókósẹ̀ o! Ìbàdí tí wọn ò dè ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí nígbà yẹn kọ́séètì làwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń wọ̀, wọ́n á fi okùn fún ìkùn pinpin bí ẹni di ẹrù, wọ́n wá rí obìnrin tí ara ẹ̀ ń mì bó ṣe wù ú. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìlú tẹ́ ẹ bá wọ̀ lẹ máa bá obìnrin kan tó ń pe ara ẹ̀ ní Little Egypt, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹsẹ̀ kan Íjíbítì rí.

Ní Íjíbítì fúnra ẹ̀, kì í ṣe nǹkan àjèjì rárá, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní ghawazi ló ń jó níbi ìgbéyàwó àti lójú pópó. Lọ́dún 1834 Muhammad Ali tó ń ṣàkóso níbẹ̀ lé wọn kúrò ní Cairo, ó ní kí wọ́n máa lọ sápá gúúsù, ni wọ́n bá kó dé àwọn ìlú bíi Esna, làwọn arìnrìn-àjò Yúróòpù bá tún wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé wọn lọ wòran. Òfin lé oníjó, kò lé òǹwòran. Ó tó nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn ẹ̀ kí Badia Masabni tó ṣí ilé ijó tiẹ̀ ní Cairo, lọ́dún 1926. Òun ló ni ín, òun ló ń yan ẹni tó máa jó, òun ló ń gbowó, abẹ́ ẹ̀ sì ni Samia Gamal àti Tahia Carioca, tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá wá mọ̀ nínú fíìmù, ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tóbìnrin ló ni ilẹ̀kùn, àwọn oníjó rí ibi tí wọ́n ti lè di ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ á padà sí Amẹ́ríkà. Ṣáájú Chicago yẹn ni Lydia Thompson ti kó ẹgbẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní British Blondes wá sí New York láti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1868. Burlesque ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn èèyàn ńlá, obìnrin á wọ tàìtì, á gba ipò ọkùnrin, á dúró láàárín ìtàgé, á máa fi àwọn olóṣèlú ṣẹ̀fẹ̀. Ẹsẹ̀ tó hàn bí èèyàn nínú, àmọ́ èmi rò pé ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ló bí wọn nínú jù. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Chicago, Wilbur Storey, ń bú wọn lójoojúmọ́ bí ẹni bú aṣẹ́wó, nígbà tó di 1870 Lydia ò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó lọ ká a mọ́ ojú títì, ó fà á lu ní pàṣán, tí wọ́n fi ń na ẹṣin. Kóòtù bu owó ìtanràn lé e. Àwọn èèyàn tún wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Loie Fuller ò bọ́ṣọ ní tiẹ̀, aṣọ ló ń wọ̀ pelemọ, ó fi igi gígùn sínú apá aṣọ sílíìkì, tó bá ń yí, tí iná oríṣiríṣi àwọ̀ ń tàn sí i lára, bí òdòdó ló ṣe máa ń rí, bí iná tó ń jó. Àwọn kan jí ijó náà jó, ó gbé ọ̀kan nínú wọn lọ kóòtù ní New York lọ́dún 1892, adájọ́ ní ijó tí kò sọ ìtàn kankan ò lè ní ẹni tó ni ín. Àbí ẹ rí nǹkan! Ara ẹ lo fi ṣẹ̀dá ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe tìẹ. Ó lọ sí Paris, ó di ìlúmọ̀ọ́ká ní ilé ìṣeré Folies Bergère, nígbà tó di 1894 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí aṣọ yẹn àti igi inú ẹ̀. Wọ́n ní kò lè ni ijó, ó bá lọ ni aṣọ.

Mata Hari làwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, mi ò ní pẹ́ lórí tiẹ̀. Ọmọ Netherlands ni, bàbá ẹ̀ ń ta fìlà, ó sọ fáwọn ará Paris lọ́dún 1905 pé inú tẹ́ńpìlì ìlà oòrùn lòun ti kọ́ ijó, wọ́n gbà á gbọ́ torí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn, nígbà tógun dé wọ́n ní amí ni, wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kẹwàá 1917.

Èyí tó yẹ kéèyàn dúró lórí ẹ̀ ni Josephine Baker. Wọ́n bí i ní St. Louis, ní Missouri, lọ́dún 1906, inú ìṣẹ́ gidi ló dàgbà sí. Ó dé Paris lọ́dún 1925, nígbà tó fi máa di 1926 ó ti ń jó ní Folies Bergère, tòun ti ṣíkẹ́ẹ̀tì ọ̀gẹ̀dẹ̀ táwọn èèyàn fi ń rántí ẹ̀ títí dòní. Àwọn òǹwòran ń fojú inú wo igbó Áfíríkà, wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ti wá, ọmọ Missouri ni wọ́n ń wò. Òun náà mọ̀, ó máa ń ṣẹ́jú, ó máa ń yí ojú kọdọrọ, ó ń yọ ṣùtì sí wọn bó ṣe ń jó. Ṣé agbára nìyẹn àbí ìwọ̀sí? Ọ̀tọ̀ ni bí olúkúlùkù ṣe máa dáhùn, àmọ́ ẹ wo ohun tó fi orúkọ tó ní níbẹ̀ ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó ń bá àwọn tó ń bá Jámánì jà kó ìròyìn, ìwé orin ẹ̀ ni wọ́n fi yíǹkì tí ojú ò rí kọ ọ̀rọ̀ sí, ta ló máa yẹ ẹrù Josephine Baker wò? Lọ́dún 1951 ó padà wá jó ní Miami, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí wọn ò bá jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti funfun jókòó pọ̀, òun ò ní gun ìtàgé. Wọ́n gbà. Ìlà kan nínú ìwé àdéhùn ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Síbẹ̀síbẹ̀, gbèsè ba tiẹ̀ náà jẹ́: wọ́n lé e jáde nílé ńlá tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ 12 tó gbà tọ́, lọ́dún 1969, wọ́n sì ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná, òun àti fìlà ìsùn lórí. Ó kú lọ́dún 1975, ó di 2021 kí ilẹ̀ Faransé tó gbé orúkọ ẹ̀ wọ Panthéon, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fáwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ náà tó ti kú, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 1939, ijó yìí ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe. Sally Rand wà nínú wọn. Ìpàtẹ mìíràn wáyé ní Chicago lọ́dún 1933, wọn ò fún un láàyè níbẹ̀, ó bá gun ẹṣin funfun lọ, ó múra bíi Lady Godiva, obìnrin inú ìtàn tó gun ẹṣin ní ìhòòhò, ó wọlé, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò méjì ló fi ń jó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí èyí ṣe ń lọ lèyí ń bọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan tán, ẹ ò sì ní gbójú kúrò. Ọlọ́pàá mú un lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gypsy Rose Lee ní New York ní tiẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, á máa sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, á máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó tún kọ ìwé ìtàn ọ̀daràn kan tó tà gan-an lọ́dún 1941. Àmọ́ lọ́dún 1937 ni LaGuardia, olórí ìlú New York, ti kọ̀ láti tún láyísẹ́ǹsì àwọn ilé burlesque ṣe, wọ́n tì í pa, àwọn tó ń jó níbẹ̀ wà lóòrùn, àwọn tó ni ilé wá nǹkan míì fi ilé wọn ṣe.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ṣàjèjì sí mi títí dòní: ní ilé ìṣeré Windmill, láti 1932, obìnrin lè wà ní ìhòòhò lórí ìtàgé tí kò bá ti mira. Bí ère. Tó bá mira pẹ́nrẹ́n, ó ti rúfin.

Ọdún 1955 ni Jennie Lee, oníjó burlesque kan ní Los Angeles, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jọ, wọ́n dá Exotic Dancers League sílẹ̀ torí owó iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Àwọn oníjó ìgbà yẹn ṣì ń gba owó oṣù tàbí owó ọ̀sẹ̀ o, ó kéré ni. Nígbà tó di 1964 Carol Doda jó láìbo àyà ní kílọ́ọ̀bù Condor ní San Francisco, dùùrù ńlá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà ló dúró lé, láàárín oṣù díẹ̀ àwọn kílọ́ọ̀bù tó yí i ká ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ijó yẹn kúrò nílé ìṣeré, ó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, owó sì wá yí padà.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn kílọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oníjó kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, agbaṣẹ́ṣe ni, bíi birikìlà tó wá tún ògiri ṣe. Nítorí náà, wọn ò san owó oṣù mọ́, oníjó ló ń sanwó kó tó gun ìtàgé, stage fee ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin wọṣẹ́ lálẹ́, ó ti jẹ kílọ́ọ̀bù ní gbèsè kó tó wọ bàtà gogoro, tó bá pẹ́ dé, wọ́n á bu owó lé e, ó máa fún DJ ní tiẹ̀, á fún ẹ̀ṣọ́ ní tiẹ̀, tí òjò bá rọ̀ tí oníbàárà ò wá, ó lè máa lọ sílé lówùúrọ̀ tòun ti gbèsè. Síbẹ̀ ọ̀gá ló ń sọ àkókò tó máa dé, ọ̀gá ló ń sọ irú bàtà tó máa wọ̀, ọ̀gá ló ń sọ iye tó máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Agbaṣẹ́ṣe wo nìyẹn? Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York bi wọ́n léèrè irú ẹ̀ nínú ẹjọ́ àwọn oníjó kílọ́ọ̀bù Rick's Cabaret, lọ́dún 2013 ó ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n, lọ́dún 2014 ó ní kí wọ́n san ju mílíọ̀nù 10 dọ́là fún wọn.

Ní ti kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè tó dé iwájú wọn lọ́dún 1991, látọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù kan ní South Bend, ní Indiana, ni bóyá ijó ìhòòhò jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí òfin ń dáàbò bò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ létí létí báyìí ló wà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè ní kí oníjó fi nǹkan kékeré bo orí ọmú àti abẹ́. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Àwọn àgbà adájọ́ mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n ń wọn aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn kan ò fẹ́ kó wà rárá, ó sì yẹ ká gbọ́ tiwọn náà. Lọ́dún 2010 Iceland ṣòfin pé kò sí iléeṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jèrè lára ìhòòhò òṣìṣẹ́ ẹ̀, àwọn tó jà fún òfin yẹn ò gbé e karí ẹ̀sìn, wọ́n ní níbi táwọn ọkùnrin bá ti lè ra ara obìnrin wò, kò sí bí obìnrin yòókù ṣe máa bá wọn dọ́gba. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò nítumọ̀. Àmọ́ mo tún máa ń rántí Mumbai, ní India. Lọ́dún 2005 ìjọba Maharashtra, ìpínlẹ̀ tí Mumbai wà, ní káwọn báà tí obìnrin ti ń jó dáwọ́ dúró, wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo iyì obìnrin. Àwọn tó ń jó níbẹ̀ wọṣọ pátápátá o, orin fíìmù India ni wọ́n ń jó sí. Òfin náà ò wá kan hòtẹ́ẹ̀lì onírààwọ̀ mẹ́ta sókè! Ìyẹn ni pé ijó kan náà ń ba ìwà jẹ́ lójú tálákà, kò bà á jẹ́ lójú olówó. Kóòtù tó ga jù ní India fagi lé òfin yẹn ní oṣù keje 2013, ó sọ ọ́ nínú ìdájọ́ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn kan nínú wọn sì bá ara wọn nídìí iṣẹ́ aṣẹ́wó. Ìjọba tún gbé òfin míì dé, ó di 2019 kí kóòtù tún tó gé púpọ̀ nínú ẹ̀ dànù.

Kí n sọ ti Lusty Lady ní San Francisco, torí òun ni Star Garden tẹ̀ lé. Yàrá kan ni, dígí yí i ká, àwọn obìnrin ń jó nínú ẹ̀, oníbàárà á wọ kọ̀rọ̀ kékeré kan níta, á fi owó sínú ihò, aṣọ irin á gbéra, á máa wò. Àwọn fèrèsé kan ní dígí tí oníbàárà ń rí oníjó, tí oníjó ò rí i. Ẹ̀yìn dígí yẹn làwọn kan ń yọ kámẹ́rà. Àwọn oníjó ní kí wọ́n yọ ọ́, ọ̀gá ò dáhùn. Ẹ̀sùn míì tún wà pé wọn ò fún àwọn aláwọ̀ dúdú láyè bíi tàwọn yòókù níbi tí owó gidi wà. Ni wọ́n bá dìbò lọ́dún 1996, wọ́n wọ yúníọ̀n, wọ́n yọ dígí yẹn, àdéhùn jáde lọ́dún 1997. Nígbà tó di 2003, tí ọ̀gá ní òun fẹ́ palẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ da owó jọ, wọ́n ra kílọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì ń yan alága láàárín ara wọn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Kílọ́ọ̀bù ni wọ́n ni, wọn ò ni ilé. Ọ̀rọ̀ owó háyà da àwọn àti onílé pọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù kẹsàn-án 2013. Látìgbà náà kò sí kílọ́ọ̀bù oníjó ìhòòhò kankan tó ní yúníọ̀n ní gbogbo Amẹ́ríkà títí ìbò 17 sí òdo yẹn fi dé.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìbò yẹn, oṣù kẹta 2024, gómìnà ìpínlẹ̀ Washington, Jay Inslee, fọwọ́ sí òfin kan táwọn oníjó fúnra wọn kó ara wọn jọ jà fún. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ wà, kí bọ́tìnnì ìpè fún ìrànlọ́wọ́ wà níbi tí oníjó àti oníbàárà bá ti dá wà, kí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń múra ní kọ́ọ̀dù. Ti owó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa: láàárín wákàtí 8, kílọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ oníjó ju 150 dọ́là tàbí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó pa lọ, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹni tó pa 1,000, 150 ni. Ẹni tó pa 200, 60 ni. Ẹni tó jókòó láti alẹ́ mọ́jú tí ò rí kọ́bọ̀, kò ní san nǹkan kan, kílọ́ọ̀bù ò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ dè é pé tó bá dé lọ́la kó wá san án.